Káàdì mẹ́rin, ẹni mẹ́sàn-án: ta ni ká mú lọ wo ìbúra ààrẹ l'Ábújá?

ÌyáWúràBódìjà · 8 oṣù Karùn-ún 2023

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa, mo ní kí n tètè gbé e wá síbí.

Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá ló pè lálẹ́ àná pé òun rí káàdì ìpè mẹ́rin gbà síbi tí wọ́n ti máa búra fún Tinubu lọ́jọ́ 29 oṣù yìí, òun sì fẹ́ kí àwọn ará ilé wá. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ìyá ọkọ mi ti dìde dúró. Ẹni ọdún 74 ni màmá, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní bó bá ṣe pé àwọn á wọ́ dé Àbújá ni, àwọn á débẹ̀. Bàbá Wúrà fẹ́ lọ. Bàbá Lékè, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Òkè-Àdó, ní àwọn ni àkọ́bí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fo àwọn. Ìyàwó wọn ti ń béèrè àǹkárá tí a máa rà. Wúrà tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní òfin lòun ń kà, tí kì í bá ṣe òun, ta ni? Ẹni mẹ́sàn-án ni mo kà títí di àárọ̀ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lọ rí: ta ni ká mú, kí la máa mú dání, ṣé ká gba ojú títì ni àbí ká wọ bàálù?

Dírẹ́bàÌwóRoad · 8 oṣù Karùn-ún

Ìyá Wúrà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú ọ̀nà, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹni tó bá gba Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, kó tó já sí Kàbà àti Lọ́kọ́ja, kó fi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá sọ́kàn, ìyẹn bí mọ́tò ò bá yọnu. Ẹ má wọ ọkọ̀ òru. Mo tún un sọ, ẹ má wọ ọkọ̀ òru. Àwa tí a ń wakọ̀ gan-an kì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa láàárín Ọ̀wọ̀ sí Lọ́kọ́ja, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ ti kúrò ní gáréèjì.

Ọjọ́ Ajé ni 29 bọ́ sí. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ lọ lọ́jọ́ Àìkú o. Ọjọ́ Jimọ̀ ló dáa, bó bá pẹ́ tán, Sátidé, torí wọ́n máa ti ọ̀nà àárín ìlú pa.

Ti màmá wá ńkọ́? Ọkọ̀ ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ mo ń sọ fún yín pé kí ẹ gbé màmá wọ bàálù ní Alákíà. Orúnkún tó bá fi wákàtí méjìlá ká sínú mọ́tò kò ní gbọ́ràn lọ́jọ́ kejì.

ỌmọÌbàdànNíGárkì · 9 oṣù Karùn-ún

Ẹ kú ìnáwó o. Mo wà ní Eagle Square lọ́dún 2015, nígbà tí wọ́n búra fún Buhari lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn yín yàtọ̀.

Eagle Square kì í ṣe gbọ̀ngàn. Pápá ni, tí wọ́n to ìjókòó alórùlé yí ká, ní ọ̀ọ́kán sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀. Torí ìgbà tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba lé Ọbásanjọ́ lọ́wọ́ lọ́dún 1999 ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lọ́jọ́ òmìnira 2010, bọ́ǹbù bú gbàmù nítòsí ibẹ̀, ó sì pa èèyàn. Bí ọlọ́pàá bá ń tú àpò yín wò lẹ́ẹ̀kẹta lọ́jọ́ náà, ẹ rántí ìyẹn, ẹ má bínú. Mọ́tò yín ò ní débẹ̀. Ibì kan ni wọ́n á ti ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn, ẹ ó gba abẹ́ ẹ̀rọ ayẹ̀wò kọjá, wọ́n á tún yẹ̀ yín wò níwájú. Báàgì ńlá, kúlà oúnjẹ, ìgò omi, ẹ fi wọ́n sílé. Káàdì yín àti ohun ìdánimọ̀ ni kó wà lọ́wọ́, kì í ṣe nísàlẹ̀ páàsì.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo jáde nílé, mẹ́fà àbọ̀ mo ti wà lórí ìlà, ó kọjá aago mẹ́jọ kí n tó fìdí kan àga. Ìbúra gan-an kò pẹ́ rárá. Igbákejì ló máa ń kọ́kọ́ búra, ààrẹ á tẹ̀ lé e, adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí ló ń búra fún àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti dáhùn ìpè, ó ti parí. Ìyókù, ìdúró ni. Sọ́jà á yan títí, wọ́n á sọ àsíá ti àtijọ́ kalẹ̀, wọ́n á fa tuntun sókè, ìbọn á dún lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún. Ẹ kìlọ̀ ìbọn yẹn fún màmá o! Ìyá kan tó jókòó níwájú mi ti ń tòògbé jẹ́jẹ́ wọn. Bí àkọ́kọ́ ṣe dún, ìyá fò dìde, bàtà ẹsẹ̀ òsì wọn wọ abẹ́ àga lọ, ìgbà tí ìkẹjọ dún la tó rí i fà jáde.

Ẹ tún gbọ́ àṣìṣe mi. Mo wé gèlè, gèlè ìgbéyàwó pátápátá, tó dà bí òrùlé. Ìgbà tí Ọ̀ṣínbàjò dìde láti búra, bàbá kan lẹ́yìn mi fọwọ́ kan èjìká mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé orí tìrẹ la wá wò ni, àbí ti ààrẹ?" Mo tú u, mo ká a sínú páàsì, irun tí mo ti dì láti oṣù kan ló wá hàn sí gbogbo ayé. Ẹ wé ìró, ẹ wọ bùbá, kí gèlè ó má ga.

Ẹ wá ilé sùn ní Gárkì tàbí Wúsè. Owó á dín ní Kúbwà àti Nyanya lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá sùn ní Nyanya lọ́jọ́ yẹn á gbọ́ ìbọn náà láti inú gó-sílóò.

Àrẹ̀mú_Dùgbẹ̀ · 9 oṣù Karùn-ún

Ẹni tí kò dìbò fún un ńkọ́, ṣé ó lè lọ?

Alábòójútó · 9 oṣù Karùn-ún

Àrẹ̀mú, o ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Wúrà ò béèrè ẹni tí a dìbò fún. Ẹ gbé òṣèlú lọ sí yàrá òṣèlú.

OníṣòwòGbági · 10 oṣù Karùn-ún

Ẹ má jẹ́ kí àwọn mẹ́rin tó kù nínú ẹ̀yin mẹ́sàn-án lọ ra káàdì lórí WhatsApp o. Mo sọ mẹ́rin, márùn-ún ni. Lọ́dún 2019, ẹnì kan gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà lọ́wọ́ ọmọ àǹtí mi, ó fi àwòrán káàdì ránṣẹ́, ó ní kó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọmọ wọkọ̀ dé Àbújá, wọn ò jẹ́ kó rékọjá ibi àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Àwọn tó wọlé pàápàá ò rí àríyá tí wọ́n ń retí, torí wọ́n búra ní 29 oṣù Karùn-ún, Buhari ò sọ̀rọ̀ kankan, wọ́n sún ayẹyẹ sí 12 oṣù Kẹfà tí í ṣe ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa tuntun. Káàdì ìpè, a kì í tà á. Ẹni tó bá ń tà á, olè ni.

Ẹ má sì ya fọ́tò káàdì tiyín sórí Facebook nítorí pé inú ń dùn. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyẹn ń lò.

BàbáMọ́kọ́lá · 11 oṣù Karùn-ún

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Èmi lọ sí ti Shagari, 1 oṣù Kẹwàá 1979, ní Tafawa Balewa Square, l'Ékòó, torí Èkó ni olú-ìlú nígbà náà. Ẹni ọdún 26 ni mí, bàbá mi ló ní kí n bá òun lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi parí, torí lọ́jọ́ kan náà ni Bọ́lá Ìgè ń gba ìjọba níbí, tí Ìbàdàn ń jó. Wọ́n ní mo fi ijó ilé sílẹ̀, mo lọ wo ijó ìta.

Adájọ́ Fatayi-Williams ló búra fún Shagari. Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí wọ́n sọ, mi ò rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí mo rántí ni pé èrò pọ̀ lẹ́nu géètì, bàbá mi, tí kò di ọwọ́ mi mú rí láti ìgbà tí mo ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, gbá ọwọ́ mi mú, kò sì fi sílẹ̀ títí a fi jókòó. Àtẹ́lẹwọ́ wọn le bí igi, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n kú ní 1984.

Ẹ mú ìyá náà lọ. Kí ọmọ ọmọ wọn ló dì wọ́n lọ́wọ́ mú.

Nọ́ọ̀sìAgodi · 11 oṣù Karùn-ún

Bàbá, ẹ mú omi jáde lójú mi.

Ìyá Wúrà, ọ̀rọ̀ oògùn. Àwọn kan wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn tọ̀. Mo mọ ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe: wọ́n á ní àwọn ò ní lò ó lọ́jọ́ òde, kí àwọn má baà máa wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri. Ẹ má jẹ́ kí màmá dán an wò, pàápàá nínú oòrùn, láàárín èrò, pẹ̀lú ìbọn mọ́kànlélógún. Ẹ mú wọn lọ bá dókítà wọn kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn, ẹ béèrè aago tí wọ́n á lò ó lọ́jọ́ náà. Omi, kí wọ́n máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó jáde, torí mi ò ro pé ẹnikẹ́ni á gbé àmàlà wá bá wọn lórí àga.

Ẹ kọ orúkọ oògùn wọn àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá wọn lọ sínú ìwé pélébé, kí ó wà lára wọn, kì í ṣe nínú fóònù Wúrà. Bí ẹ bá rí ọ̀pá ìtìlẹ̀ yá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó kí ọjọ́ tó pé. Ẹ máa fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn o, mo mọ̀ pé wọn ò ní fẹ́.

AláṣọÒkèỌjàỌba · 12 oṣù Karùn-ún

Adájọ́ àgbà tó máa búra lọ́jọ́ náà, Ariwoola, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ìlú tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè! Kò yẹ kí ìdílé kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wọ àǹkárá dé iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má wọ sányán olówó iyebíye tó nípọn, ooru Àbújá nínú oṣù Karùn-ún kì í ṣeré. Etù fífẹ́lẹ́ tó fún ọkùnrin, fìlà àti bùbá lásán ló kù. Bàtà: èyí tí wọ́n ti wọ̀ rí. Bàtà tuntun lọ́jọ́ ìrìn gígùn, ìyà ni.

ÌyáWúràBódìjà · 19 oṣù Karùn-ún

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ti Bàbá Mọ́kọ́lá sókè fún màmá, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn lọ gbé ọ̀pá tí ọmọ wọn rà wá lọ́dún tó kọjá jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ibi tí a fi orí ọ̀rọ̀ tì sí rè é. Màmá á lọ, Wúrà á di ọwọ́ wọn mú, àwọn méjèèjì á wọ bàálù. Bàbá Wúrà àti Bàbá Lékè á wakọ̀ lọ lọ́jọ́ Jimọ̀. Ẹ ti kà á, mẹ́rin pé. Èmi ni mo yọ ara mi. Ẹ má bẹ̀ mí, inú mi dùn sí i: mi ò lè jókòó sójú kan fún wákàtí márùn-ún. Ìyàwó Bàbá Lékè ló kù tí a ń bẹ̀.

ỌmọÌbàdànNíGárkì fi ètò ọ̀sẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, mo fi síbí fún ẹni tí kò rí káàdì: ìrun Jimọ̀ àti àdúrà wà ní mọ́sáláṣí àpapọ̀ l'Ábújá lọ́jọ́ 26. Lọ́jọ́ 27, Uhuru Kenyatta, ààrẹ Kẹ́ńyà tẹ́lẹ̀, á sọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìsìn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àpapọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, 28. Ẹni tó bá fẹ́ rí èèyàn ńlá lójúkojú, ibi àdúrà lè sàn fún un ju pápá lọ.

Dírẹ́bàÌwóRoad · 20 oṣù Karùn-ún

Kí wọ́n rọ epo kún táǹkì lọ́jọ́ Àìkú, kí ó tó di ọjọ́ ìbúra. Ìjọba tuntun, a kì í mọ ohun tó máa jáde lẹ́nu.

ÌyáWúràBódìjà · 4 oṣù Kẹfà 2023

Dírẹ́bà, ṣé wòlíì ni yín ni?

Mo ní kí n dé wá jíyìn. Màmá àti Wúrà dé láyọ̀, wọ́n lọ láyọ̀. Aago márùn-ún àbọ̀ ni wọ́n kúrò ní Gárkì. Wúrà ní ibi tí ọlọ́pàá ti ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ jìn, màmá sì sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dé géètì, létí ebè òdòdó ẹ̀gbẹ́ títì, pẹ̀lú aṣọ òkè. Sọ́jà kan tó jẹ́ ọmọ Hausa rí ọ̀pá, ó kí wọn, ó mú wọn jáde kúrò lórí ìlà, ó fi wọ́n síwájú. Ohun tí ọ̀pá lè ṣe nìyẹn o, ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé. Bàbá Wúrà àti Bàbá Lékè ò rí irú ojúrere bẹ́ẹ̀.

Ó ti kọjá aago mẹ́wàá àbọ̀ kí Tinubu tó búra, lẹ́yìn Shettima. Mo bi màmá pé kí ni wọ́n rí. Wọ́n ní ẹ̀yìn èèyàn làwọn rí jù, àmọ́ àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀ lé adájọ́ lọ́rọ̀, ó sì dà bí ọmọ tí olùkọ́ ní kó kàwé sókè. Ìbọn dún, wọn ò mira. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ju ìyẹn lọ nígbà Wẹ́tíẹ̀.

Nílé níbí, àwa mọ́kànlá la jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n mi. Ìyàwó Bàbá Lékè wá, ó sì gbé mọ́ínmọ́ín dání, mo mọ̀ pé ìjà ti parí. A ń jẹun lọ nígbà tí ààrẹ dé ibi tó ti sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Aládùúgbò wa kan tó ń gun ọ̀kadà fi ṣíbí sílẹ̀, ó dìde láìkí ẹnikẹ́ni, a gbọ́ tí ọ̀kadà rẹ̀ dún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìlà ilé epo tó wà lẹ́bàá wa ti yípo dé ẹnu ọ̀nà wa.

Bàbá Wúrà ò rọ epo lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní ìlà gùn díẹ̀, àwọn á rọ ọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ilé epo kò ṣí. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, owó gun òkè, ohun tí a ń rà ní bíi 190 náírà ló di 537 l'Ábújá. Bàbá Lékè ṣírò epo tó máa gbé wọn dé Ìbàdàn, wọ́n tún un ṣírò lẹ́yìn páálí bísíkíìtì, wọ́n dákẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Màmá ti wà ní Bódìjà láti ọjọ́ Túsìdeè, wọ́n ń gbà àlejò.

Nọ́ọ̀sìAgodi · 4 oṣù Kẹfà

Oògùn ńkọ́?

ÌyáWúràBódìjà · 4 oṣù Kẹfà

Wọ́n lò ó. Wúrà dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbé e mì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ìlà ibẹ̀ ló gùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́níyà · 22 oṣù Kìíní 2025

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo jí ọ̀rọ̀ àtijọ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Maryland rí tíkẹ́ẹ̀tì méjì gbà síbi ìbúra Trump ní ọjọ́ Ajé yìí. Níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ọ́fíìsì ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò rẹ lo ti máa béèrè. Ó ra kóòtù fún ìyàwó, ó gbàyè níbi iṣẹ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní òtútù ti pọ̀ jù, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ wọ inú ilé aṣòfin. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ láti ìgbà Reagan lọ́dún 1985. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ èèyàn di ohun ìrántí lásán.

Ó sọ fún mi pé ti ọ̀rẹ́ òun lọ́dún 2009 tún burú ju ìyẹn lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ àlùkò ló gbà fún ti Obama, wọ́n ní kí àwọn oní tíkẹ́ẹ̀tì náà tò sínú ihò ọ̀nà kan tó gba abẹ́ ilẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló há síbẹ̀, Obama ti búra tán, wọ́n ṣì wà nínú ihò, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ń bínú sí Eagle Square, ẹ rọra.

ÌyáWúràBódìjà · 22 oṣù Kìíní 2025

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú àbọ̀ síbí. Mo ka ti ihò náà fún màmá, wọ́n ní Ọlọ́run má fi wá sínú ihò.

Wọ́n ti ní kí Wúrà wo kàlẹ́ńdà. Sátidé ni 29 oṣù Karùn-ún 2027 bọ́ sí. Ọjọ́ náà ni Makinde máa pé ọdún mẹ́jọ, nítorí náà ìbúra gómìnà tuntun á wà ní Ìbàdàn níbí pẹ̀lú, mo sì ti ń rọ màmá pé kí a rọra wo ti ilé. Wọ́n á ti pé ẹni ọdún 78. Àbúrò ọkọ mi ò tíì sọ pé òun máa rí káàdì kankan. Ìyàwó Bàbá Lékè ti ra àǹkárá.